Ṣé Dandan Ni Kí Òǹkọ̀wé Dé Àbíjàn?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi tí mò ń fi kálàmù jẹun láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé ìwé girama, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kọ ìtàn nípa Àbíjàn nítorí pé n kò dé ibẹ̀ rí. Àwọn wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn ará ìlú mi ni, ní Èjìgbò níbí.

Ẹni tó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Àbíjàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ wa. Agboolé tí kò lẹ́nìkan níbẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọkọ̀ ń gbéra níhìn-ín lọ síbẹ̀ tààrà. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìtàn obìnrin aláṣọ kan tó ti Èjìgbò lọ ṣòwò ní Treichville. Mo kà á fún ìyá kan ládùúgbò wa tó ti tajà lọ́hùn-ún fún ọgbọ̀n ọdún. Mo ka ibi tí mo ti ní bí èrò ọkọ̀ bá ti kọjá Sẹ̀mẹ̀, èdè Faransé nìkan ni yóò máa gbọ́ títí dé Àbíjàn. Ìyá bú sẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, ọmọ mi, ṣé wọ́n ti gbé Gánà kúrò lójú ọ̀nà ni?"

Ojú tì mí! Lóòótọ́, Faransé ni wọ́n ń sọ ní Kútọnu àti Lòmé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ti Gánà, kí Faransé tó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló tàn kálẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé ẹni tí kò lọ, kó má kọ.

Mo jẹ̀bi àṣìṣe mi. Ìdájọ́ wọn ni n kò gbà.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Èjìgbò díẹ̀, ká dé Èkó. Lọ́dún 1929, Isaac B. Thomas bẹ̀rẹ̀ ìtàn Sẹ̀gilọlá nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ayé tó jẹ, nígbà tí àìsàn ti dá a gúnlẹ̀. Àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láyé. Ta ló kọ ọ́? Thomas fúnra rẹ̀ ni, ọkùnrin! Ṣùgbọ́n ó mọ Èkó, ó sì mọ bí obìnrin Èkó ṣe ń sọ̀rọ̀. Fágúnwà ńkọ́? Olùkọ́ ni. Ìwé rẹ̀ nípa ògbójú ọdẹ jáde lọ́dún 1938. Ta ni nínú wa ló bi í léèrè iye ìgbà tó wọ Igbó Irúnmalẹ̀? Olùkọ́ náà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tó kọ Àjà Ló Lẹrù lọ́dún 1969, síbẹ̀ ta ló ka Lápàdé tí kò gbà pé ó ti ṣe ọlọ́pàá rí?

Bó bá jẹ́ ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí nìkan ló gbọdọ̀ kọ ọ́, ta ni yóò kọ ìtàn ẹni tó kú sọ́nà? Ìyá yìí sọ fún mi nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ, tí wọ́n sin sọ́hùn-ún. Ọmọ rẹ̀ kò mọ ojú oórì rẹ̀ dòní. Ìyá ò kàwé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kú. Bí èmi náà bá ju kálàmù sílẹ̀, ṣé ó parí nìyẹn?

Àwọn tó lọ ńkọ́? Mo bi ọkùnrin kan tó lo ogún ọdún níbẹ̀ pé báwo ni Àbíjàn ṣe rí. Ó ní, "Ó dáa." Ó tán! Lílọ ọ̀tọ̀, sísọ ọ̀tọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ̀wé, ẹ má fi èyí ṣe àwáwí o. Ọ̀lẹ ni òǹkọ̀wé tí kò lọ, tí kò sì béèrè. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Wọn ò ní kí gbogbo wa jọ jìn sí i. Ṣùgbọ́n a ní láti jókòó ti ẹni tó jìn, ká gbọ́ ohun tójú rẹ̀ rí.

Mo mú bírò padà sọ́dọ̀ ìyá, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí mo tún ìtàn náà kà, tó kan ibi tí wọ́n ti ń sin ọ̀rẹ́ obìnrin aláṣọ, ìyá fi etí ìró nujú. Ó ní, "Akọ̀wé, ìgbà wo lo débẹ̀?"

N kò débẹ̀ rí. Mo béèrè ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá bí nínú, kó mú kálàmù kó kọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má gbàgbé Gánà o.