Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ẹ̀kọ́ Tí Wàhálà Nẹ́tíwọ̀kì Kọ́ Àwa Oníṣòwò Borokiri

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ni, èyí tí àwọn akọ̀wé ń pè ní IT. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ta ọjà tán, tí oníbàárà ní òun ti fi owó ránṣẹ́, tí àlááàtì kò wọlé, tí ọkọ̀ ojú omi Bonny sì ń pe èrò ní jẹ́tì, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa rárá. Ẹni tó rà á ní òun ti sanwó, ẹni tó tà á ní òun kò rí kọ́bọ̀. Ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ìjà ti dé. Àwa tí a wá ṣòwò nílẹ̀ onílẹ̀ sì mọ̀ pé ìjà owó kékeré lè yí padà di ìjà ẹ̀yà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024. Lọ́jọ́ náà, wáyà ńláńlá mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ ní agbègbè Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne ni orúkọ wọn. Irú wáyà báwọ̀nyí ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà láti Yúróòpù. Láti Ghana dé Benin títí dé Nàìjíríà, áàpù báńkì kò dáhùn, fóònù kò rí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ dúró. Ó gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Borokiri lè má mọ ọ̀nà Abidjan, ṣùgbọ́n ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ló dá ọjà rẹ̀ dúró. Ohun tó yẹ ká fiyè sí ni pé wáyà Glo 1 àti Equiano ti Google kò bàjẹ́ ní tiwọn. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wọn ti ronú ṣáájú, tí wọ́n ti ra àyè sórí wáyà ju ẹyọ kan lọ, tètè rí ọ̀nà gbà. Àwọn àgbà ló kúkú ti sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

A kò tíì gbàgbé ìyẹn tí òmíràn tún fi dé. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ọdún 2024 kan náà, àwọn báńkì kan pààrọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò owó oníbàárà, ìyẹn èyí tí gbogbo iṣẹ́ báńkì dúró lé lórí. GTBank kó lọ sórí Finacle tó wá láti Íńdíà. Zenith lọ sórí Flexcube ti ilé iṣẹ́ Oracle. Sterling fi ti òyìnbó sílẹ̀, ó kó lọ sórí SeaBaaS tí wọ́n kọ́ nílé níbí. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni àwọn oníbàárà fi ń pariwo pé àwọn ò rí owó àwọn lò. Irú iṣẹ́ yìí dà bí ìgbà tí èèyàn ń kó ẹrù kúrò nínú ilé nígbà tí onílé ṣì ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí bí wọn ò ṣe ní jí i. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n sọ fún un dáadáa ṣáájú, kó lè wá ibi tí yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Níbẹ̀ ni a ti bá àwọn báńkì wí.

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni èyí ń ṣe. Lọ́jọ́ 19, oṣù keje, ọdún 2024, ilé iṣẹ́ CrowdStrike ti Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lé olè kúrò nínú kọ̀ǹpútà, fi àtúnṣe kan tó ní àbùkù ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Microsoft sọ pé kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ ló dákú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ òfúrufú kò lè gbéra, ilé ìwòsàn kò rí ìwé aláìsàn wò. Ọdẹ tí wọ́n háyà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ onílé.

Ó dáa, níbo gan-an ni bàtà ti ń ta àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà lẹ́sẹ̀? Àkọ́kọ́ ni owó. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń lò. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦460 níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá ₦1,500 nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2024. Ìkejì ni iná. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti ₦68 lọ sí ₦225 lórí kílówáàtì wákàtí kan. Ẹni tí kò sì sí ní Band A, jẹnẹrétọ̀ ni tirẹ̀, a sì mọ iye tí epo ti di látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ìkẹta ni jápa. Ọmọ tó bá mọ iṣẹ́ náà dáadáa, bí kò bá lọ sí Canada, ó lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Diobu kó máa ṣiṣẹ́ fún òyìnbó tó ń san dọ́là. Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fín igbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí onírèsé kọ̀ǹpútà bá gbé pásíwọ̀ọ̀dù lọ, igbá tó fín sílẹ̀ kò ní ṣeé ṣí.

Òfin náà tún ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn aráàlú. Ilé iṣẹ́ tó bá gba orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí BVN èèyàn gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Bí olè bá jí i, tó sì lè kó àwọn tó ni í sí wàhálà, wákàtí 72 péré ni ilé iṣẹ́ náà ní láti fi tó ìjọba létí. Àjọ NDPC tó ń mójú tó òfin yìí kò fi ṣeré: ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n bu owó ìtanràn tó lé ní ₦766 mílíọ̀nù lé MultiChoice Nàìjíríà lórí. Ẹ̀yin alákòóso ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ gbọ́ o. Ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń gbé kiri lórí WhatsApp, ti tòun ti nọ́ńbà àkáǹtì, òfin yìí lè kàn án.

Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, ẹ̀ka IT sábà máa ń jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo. Òun ló ń tẹ POS, òun ló ń tẹ kọ̀ǹpútà, òun náà la tún ń rán lọ ra omi. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ la gbé sí i níwájú, Windows 10 ló sì wà lórí púpọ̀ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kọ̀ǹpútà náà ṣì ń tàn, ṣùgbọ́n bí olè bá rí ihò tuntun lára rẹ̀, kò dájú pé ẹnikẹ́ni yóò wá dí i.

Kí ló wá yẹ ká ṣe? Ẹ má ṣe fi gbogbo owó ọjà sínú báńkì kan, ẹ sì jẹ́ kí síìmù nẹ́tíwọ̀kì méjì wà nílé. Ẹ má fi ìwé ọjà tí a ń fi bírò kọ sílẹ̀, nítorí kò nílò iná. Ẹ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ilé tó yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì máa ṣí i wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Kí èèyàn méjì mọ pásíwọ̀ọ̀dù, kí ọ̀gá jẹ́ ọ̀kan níbẹ̀. Àwòrán àlááàtì tí wọ́n fi hàn yín lórí fóònù kì í ṣe owó. Àkáǹtì yín ni kí ẹ wò kí ẹ tó gbé ọjà fún èèyàn. Bí owó POS bá há, ìlànà tí CBN gbé jáde lọ́dún 2020 sọ pé kí báńkì yanjú rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Ẹ gba rísíìtì, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Bí báńkì bá fa ọ̀rọ̀ náà gùn, ẹ̀ka tó ń gbèjà oníbàárà wà ní CBN. Kò sídìí tí ẹ ó fi fa aṣọ ya mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn nínú ọjà.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ san owó tó tọ́ fún ọmọ tó ń bá yín tọ́jú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì rán an lọ kọ́ sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti rí i pé ẹni tí àwọn fi sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọ́fíìsì ló di ọjà àwọn mú. Kò yẹ kó dìgbà tí ọjà tiwa bá dúró kí àwa náà tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Olúwa yóò jẹ́ kí ọjà tà, kí àlááàtì sì wọlé. Ó dìgbà kan ná.