Eré Ìje Ọkọ̀ Onígbòkun

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni mí. Ilé wa jìnnà sí òkun. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ eré ìje ọkọ̀ onígbòkun ká mi lára. Láti ọdún 1932 ni Lagos Yacht Club ti wà ní Èkó. Atẹ́gùn ni wọ́n fi ń díje, kì í ṣe ẹ́ńjìnì. Ṣé ọgbọ́n yìí ṣàjèjì sí àwọn apẹja Ìlàjẹ tí ń ta ìgbòkun sórí ọkọ̀ lójú ọ̀sà? Ó tì o! Ẹ jẹ́ kí á dá eré ìje tiwọn náà sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí ẹ́ńjìnì bá lé ìgbòkun lọ, orúkọ tí wọ́n ń pe okùn, òpó àti atẹ́gùn yóò bá a lọ. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni yóò pàdánù. Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gi ń náání èpo igi.