Bí Irin Inú Ẹsẹ̀ Bá Yọjú Nínú Egbò

Nígbà tí eegun ojúgun bá ṣẹ́, tí dókítà sì fi pléètì irin àti skúrù dè é pọ̀, ohun tí gbogbo ilé ń retí ni kí awọ jinná, kí eegun sì so. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn awọ orí rẹ̀ á kú, egbò á là, irin á sì yọjú. Àwọn kan á ní kí wọ́n yọ irin náà kíákíá. Àwọn mìíràn á máa wẹ egbò náà lójoojúmọ́, wọ́n á ní yóò padé tó bá yá. Ìkánjú ti àkọ́kọ́ àti ìdúró ti èkejì ló lè sọ ẹni tó yẹ kó rìn di arọ.

Ẹ fọwọ́ kan iwájú ojúgun yín. Awọ nìkan ló bo eegun níbẹ̀, kò sí ẹran tó nípọn lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìjàǹbá ọ̀kadà fi máa ń ṣí eegun ibẹ̀ sílẹ̀, tí irin ibẹ̀ náà sì fi tètè ń hàn ju ti itan lọ.

Ewu rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn nínú irin. Bí kòkòrò àrùn bíi Staphylococcus aureus, tó ń gbé lára awọ àti nínú imú ọ̀pọ̀ wa, bá lẹ̀ mọ́ irin, yóò pọ̀ sí i, yóò sì fi nǹkan kan tó ń yọ̀ bora. Oògùn kì í ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa mọ́. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta lásán kò lè parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kí dókítà bi ara rẹ̀. Èkíní: ṣé eegun ti so? Bí fọ́tò X-ray bá fi hàn pé ó ti so, iṣẹ́ irin ti parí, kí wọ́n yọ ọ́. Èkejì: bí kò bá tíì so, ṣé irin náà ṣì di eegun mú gírígírí? Eegun tó ń mì ń fún àrùn láyè, nítorí náà irin tó dúró ṣinṣin kì í ṣe ohun tí à ń sáré yọ. Ẹ̀kẹta: báwo ló ti pẹ́ tó tí irin ti hàn? Bí kò bá tíì tó ọ̀sẹ̀ méjì, ìrètí pọ̀ pé a ó dá a sí. Ẹ̀kẹrin: ṣé ọyún wà níbẹ̀, irú kòkòrò wo ló sì fà á? Ẹran inú lọ́hùn-ún ni kí wọ́n gé díẹ̀díẹ̀ fún àyẹ̀wò, kì í ṣe omi ojú egbò.

Bí irin bá dúró ṣinṣin tí kò sí ọyún, wọ́n á gé gbogbo ohun tó ti kú kúrò, wọ́n á fọ ibẹ̀ dáadáa, wọ́n á sì bò ó. Bí irin bá ti tú, tàbí tí ọyún ti gbilẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi férémù irin tó wà níta ẹsẹ̀ di eegun mú, wọ́n á bo egbò, wọ́n á sì fún aláìsàn lóògùn tó bá kòkòrò náà mu, kí wọ́n tó tún eegun dè lẹ́yìn náà.

Kí ni wọ́n ń fi bò ó? Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ṣí láti itan kì í mú lórí irin, torí kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ tí yóò bọ́ ọ. Ẹran tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wá ni ibẹ̀ ń fẹ́, bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá hú irúgbìn tòun terùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Fún egbò tó wà nísàlẹ̀ orúnkún, ẹran gastrocnemius tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ni wọ́n ń yí wá síwájú. Fún àárín ojúgun, soleus ni. Ìsàlẹ̀, nítòsí ọrùn ẹsẹ̀, ló le jù. Níbẹ̀, wọ́n lè gé ẹran láti ibòmíràn lára, kí wọ́n sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá rán iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹsẹ̀. Wọ́n sì lè lo ẹran àti awọ ẹ̀yìn ojúgun tí Alain Masquelet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé ṣàlàyé lọ́dún 1992. Èyí kò nílò awò náà, ìdí nìyí tó fi wúlò gan-an fún ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa.

Àkókò ṣe pàtàkì. Lọ́dún 1986, wọ́n tẹ iṣẹ́ Marko Godina, oníṣẹ́ abẹ ará Ljubljana, jáde lórí aláìsàn 532 tó fi ẹran tí a gé láti ibòmíràn lára bo ọgbẹ́ wọn. Nínú àwọn tó bò kí wákàtí 72 tó pé, ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn wọ ọgbẹ́ wọn; láàárín àwọn tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí di oṣù mẹ́ta, ó di 17.5. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí dókítà eegun àti dókítà tí ń tún ẹran ara ṣe jọ wo aláìsàn láti ọjọ́ kìíní. Ilé ìwòsàn eegun ti Igbobi ní Èkó ní irú dókítà méjèèjì lábẹ́ òrùlé kan. Níbi tí wọn kò bá sí, kí wọ́n tètè fi aláìsàn ránṣẹ́.

Ẹ̀yin ẹbí náà ní iṣẹ́ tiyín. Ẹ má da ìyẹ̀fun kápúsù, àgbo tàbí epo ọkọ̀ sínú egbò náà. Ẹ fi báńdéèjì mímọ́ bò ó, kí ẹ má sì jẹ́ kí aláìsàn fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Kó jáwọ́ nínú sìgá, torí ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Bó bá sì ní àtọ̀gbẹ, kó ṣọ́ ṣúgà rẹ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má béèrè ìgbà tí wọ́n máa yọ irin nìkan. Ẹ béèrè ẹni tí yóò bo egbò náà, àti ọjọ́ tí yóò bò ó.