Òpin, Oníbodè àti Ààlà

Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ mílíìnì àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà ń darí yóò bá ìṣòro kan pàdé. Tábìlì ẹ̀rọ náà àti orí tí ó mú abẹ dání a máa rìn ní ọ̀nà mẹ́ta, X, Y àti Z, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí ìrìn ti gbọdọ̀ dúró. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń dá a dúró. Bí onítumọ̀ bá pe gbogbo wọn ní “òpin ìrìn”, ó ti ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Èkíní ni irin tí ó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà. Bí tábìlì bá kọlù ú, tí agbára ṣì ń tì í, ọ̀pá síkúrúù tí ń gbé e lọ lè bàjẹ́. Èyí ni òpin. Èkejì ni súwíìsì kékeré tí ó dúró díẹ̀ ṣáájú òpin: iná ń gba inú rẹ̀ kọjá nígbà gbogbo, bí tábìlì bá tẹ̀ ẹ́, iná á já, ẹ̀rọ á sì dúró. Iṣẹ́ oníbodè gan-an nìyí. Ẹ̀kẹta kò ṣeé fọwọ́ kàn. Nọ́ḿbà ni, nínú iyè kọ̀ǹpútà, tí ó sọ bí tábìlì ṣe lè jìnnà sí ojú ìpilẹ̀ tó. Èyí ni ààlà. Ààlà oko kì í ṣe ògiri. Ìdí pèrègún ni wọ́n ti ń wò ó, bí ẹnìkan bá sì hú pèrègún, ààlà ti yẹ̀ bí ilẹ̀ kò tilẹ̀ kúrò lójú kan.

Ìtumọ̀ tí ó burú jù ni “ààlà líle” fún súwíìsì àti “ààlà rírọ̀” fún nọ́ḿbà, bí Gẹ̀ẹ́sì ti wí. Rírọ̀ yẹn kì í ṣe rírọ̀ bí ẹ̀kọ. Orúkọ ètò inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n gé kúrú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi han aráyé ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ní 1952, ara bébà oníhò ni ó ti ń gba àṣẹ. Lẹ́yìn 1970 ni kọ̀ǹpútà tó wọ inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ káàkiri. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá ka “ààlà rírọ̀” yóò rò pé ó ṣeé tì kọjá.

Ìgbà tí ẹ̀rọ bá dúró lójijì ni ewu náà ń hàn. Ẹ̀rọ ní tábìlì ti kọjá òpin, ojú sì rí i pé àárín ni ó wà. Bí ó bá jẹ́ oníbodè ni ó ké, ó ṣeé ṣe kí wáyà ti já, tàbí kí èérún irin àti omi ti wọ inú súwíìsì, nítorí ìròyìn kan náà ni wáyà tí ó já àti súwíìsì tí tábìlì tẹ̀ ń mú wá. Àwọn kan a sì so wáyà méjì pọ̀ kí ariwo lè dákẹ́. Wọ́n ti lé oníbodè lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ààlà, ojú ìpilẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ a máa gbàgbé ibi tí tábìlì wà bí iná bá ti lọ (ní ìlú tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹ mọ̀ bí ìyẹn ti ń ṣe lemọ́lemọ́ tó). Ẹni tí ó bá fẹ nọ́ḿbà dípò kí ó dá tábìlì padà sí ìpilẹ̀ lè ti gbé ààlà kọjá oníbodè.

Àwọn oníṣẹ́ ti ń pe gbogbo rẹ̀ ní límíìtì. Kò sí ìjà pẹ̀lú súwíìsì, wáyà àti bátìrì. Wọ́n ti di ti Yorùbá. Ṣùgbọ́n límíìtì kó ìdàrúdàpọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọlé. Àwọn mìíràn lè ní ènìyàn ni oníbodè. Amóhùnmáwòrán náà jẹ́ orúkọ aṣèṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní ènìyàn. Ojú ìpilẹ̀ ni ó ṣì yẹ kí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tún gbé yẹ̀ wò, nítorí “ilé”, tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò, jọ ibi ìsinmi, bẹ́ẹ̀ ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀ ni.