Ẹ Kó Èsì Wa Wálé: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ̀wé Nípa Àjàṣẹ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin akọ̀wé wa, àwa tí à ń kà yín mọ̀ pé ẹ ń gbìyànjú. Àmọ́ bí ẹ ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ tí a bá fi dá yín lóhùn kò dára rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wò, èyí tí àwọn Àgùdà (àwọn tó ti Brazil padà dé àti ọmọ wọn) tó jẹ́ mùsùlùmí kọ́ bí ẹni kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil. Ọ̀pọ̀ ìwé gbà pé 1912 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọdún tó parí ni wọn ò fẹnu kò lé lórí: àwọn kan kọ 1925, àwọn mìíràn kọ 1935. Kí ọ̀kan nínú yín gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook, kíá làwọn tó kàwé á ti máa fi Faransé jiyàn lórí ọdún náà. Fọ́tò yìí kan náà á dé inú gúrúùpù WhatsApp kan, ìyá àgbà kan láti agboolé Àgùdà á tẹ fóònù mọ́lẹ̀, á fi Yorùbá sọ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún un nípa àwọn bíríkìlà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lórí TikTok, àwọn ọmọdé á máa fi èdè Gùn bèèrè ìdí tí wọ́n fi jẹ́ kí ọ̀dà ara rẹ̀ ṣí. Kò sí ẹni tó gbọ́ ti ẹnì kejì. Ó lè jẹ́ ẹnu ìyá yẹn gan-an ni ìdáhùn tí àwọn ará Facebook ń wá wà, ṣùgbọ́n bí fóònù tó gbà á sílẹ̀ bá já sínú ọ̀sà, ó parí nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé fọ́tò náà jáde nìkan lẹ wà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ dákẹ́. Èyí tí ẹ mọ̀ ni "abala kejì wà lórí TikTok", "àlàyé kíkún wà nínú gúrúùpù Telegram wa". Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ wà tí wọ́n á gbé ohun tí òǹkàwé sọ lábẹ́ àpilẹ̀kọ òní, tí wọ́n á fi ṣe àpilẹ̀kọ ọ̀la láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ẹni tó ni ọgbọ́n.

Ẹ rántí ọdún 2018. Ní oṣù Keje ni ìjọba Ààrẹ Patrice Talon ti ilẹ̀ Benin pàṣẹ pé ká máa san fáráǹkì 5 lórí mégà kọ̀ọ̀kan tá a bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Ni àwọn ènìyàn bá figbe ta: #TaxePasMesMo, "má gbowó orí lórí mégà mi". Nígbà tó máa fi di oṣù Kẹsàn-án, ìjọba ti ká àṣẹ náà kúrò nílẹ̀. Níbo ni ẹ ti fẹ́ ka àríyànjiyàn náà lónìí? Ẹ lè rí díẹ̀ ṣà lórí Twitter, tó ń jẹ́ X báyìí. Èyí tí wọ́n sọ nínú WhatsApp, ó di àwátì. Bẹ́ẹ̀, ìwé ìròyìn La Voix du Dahomey bẹ̀rẹ̀ ní 1927, ìjọba amúnisìn wọ́ ọ lọ sílé ẹjọ́ láàárín 1934 sí 1936, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń bá gómìnà fà nígbà náà ṣì lè ṣí ìwé ìròyìn yẹn kà.

Ilé onílé sì ni gbogbo ibi tí ẹ ń kó wa lọ yẹn. Ní oṣù Kẹrin 2019, Google ti ilẹ̀kùn Google+, ìkànnì àjọlò rẹ̀, èsì àwọn èèyàn bá a lọ.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ibi tí èèyàn bá wà là á ti í bá a. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá tó ń ta ata ní Ouando kò ní tìtorí yín fi WhatsApp sílẹ̀, mi ò sì ní kó fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin ni mo ní kí ẹ rìn, kí ẹ kó èsì wá sójú kan. Ẹ̀rọ kan wà tó yẹ kó bá yín ṣe é: láti oṣù Kìíní 2017 ni W3C, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ti fọwọ́ sí Webmention, tó ń jẹ́ kí ojú-ewé kan mọ̀ bí òmíràn bá fèsì sí i. Facebook àti WhatsApp kò lò ó. Ọwọ́ lẹ máa fi ṣe é.

Ẹ fún àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan ní ojúlé kan tó jẹ́ tiyín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà síbẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ níbi gbogbo sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Ohun tí ìyá fi Yorùbá sọ, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e síta. Code du numérique, òfin ilẹ̀ Benin lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì (òfin 2017-20) tó jáde ní oṣù Kẹrin 2018, ní ohun tó sọ nípa ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni, gúrúùpù ẹbí kì í sì í ṣe gbàgede ọjà. Bó bá ní rárá, rárá ni.

Ẹ má sọ fún mi pé kò sáyè. Ẹni tó ń gbé ohun kan ṣoṣo síbi márùn-ún lójoojúmọ́ láyè. Ẹ pa méjì tì nínú márààrún. Bí iye àwọn tó ń tẹ "like" fún yín bá tìtorí ẹ̀ dínkù, ẹ jẹ́ kó dínkù.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Àjàṣẹ́.