Ẹ Jẹ́ Kí Kàtúùnù Gbé Àwọn Ọmọ Wa Lọ sí Àná Tiwa



Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ń jà rànyìn láàárín àwa àgbà ní Ṣàgámù níbí. Àwọn kan ní kí a gba rìmọ́ọ̀tù lọ́wọ́ àwọn ọmọ, pé irọ́ ló kún inú kàtúùnù òyìnbó, kò sì sí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì sí oko ẹ̀gẹ́. Ọdún tí mo fi tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kò kéré, mo sì máa ń wo ohun tó ń lọ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan péré wá. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní eré àwòrán apanilẹ́rìn-ín kan tí wọ́n ń pè ní The Simpsons, tó ti ń jáde láti ọdún 1989. Ní 30 Oṣù Kẹwàá 1994, wọ́n fi ìtàn kan hàn nínú rẹ̀ níbi tí Homer, bàbá ilé náà, ti ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì ṣe. Bó ṣe tún un ṣe kò yé òun fúnra rẹ̀. Ibi tó ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ̀rọ gbé e, ó di ayé ìgbà láéláé tí àwọn ẹranko abàmì ńláńlá ń rìn káàkiri ilẹ̀. Homer wá rántí pé bàbá òun ti kìlọ̀ fún òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun pé, bí òun bá bá ara òun ní ayé àtijọ́, kí òun má ṣe tẹ ohunkóhun mọ́lẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ẹ̀fọn kan fi fò kọjá, ó sì gbá a pa.

Ẹ̀fọn kan péré o! Nígbà tó padà délé, aládùúgbò rẹ̀ tó máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ti di olórí gbogbo ayé, ó sì ń fi tipátipá mú àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Homer tún sá padà lọ láti tún un ṣe, ó tún bà á jẹ́ sí i. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Nígbà kan, ó dé ilé ọlá, àwọn ọmọ rẹ̀ níwà bí áńgẹ́lì, ọkọ̀ olówó ńlá wà níta. Àfi bó ṣe ní kí wọ́n bun òun ní dónọ́ọ̀tì jẹ, tí wọ́n ní àwọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ló bá figbe ta, ó fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbẹ̀yìn, ó dé ilé kan tí gbogbo nǹkan ti bá a mu, àfi pé ahọ́n bí ti aláǹgbá ni ìdílé rẹ̀ fi ń jẹun. Ó ní kò burú, ó ti sún mọ́ ọn, ó sì jókòó ti oúnjẹ rẹ̀.

Wọ́n ní irọ́ ni. Ta ló sọ pé òótọ́ ni? Ṣé òótọ́ ni pé Ìjàpá yá ìyẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ? Síbẹ̀, inú ìtàn Ìjàpá ni a ti kọ́ pé ọ̀kánjúwà kò dára. Ọ̀rọ̀ àná tó ń yí òní padà kì í ṣe ohun tuntun létí Yorùbá. Àwọn baba wa máa ń sọ nípa Èṣù pé òkò tó bá jù lónìí lè ti pa ẹyẹ lánàá. Àwọn òyìnbó náà ti ń rò ó tipẹ́. Ní 1952, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Ray Bradbury, kọ ìtàn ọdẹ kan tó lọ sí ayé láéláé, tó tẹ labalábá kan pa, tí ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì yí padà kó tó dé. Inú ìtàn yẹn ni àwọn elérè Homer ti mú tiwọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé nǹkan kékeré tí a kò kà sí lánàá ló bí ohun ńlá tí a ń lò lónìí. Ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí wá ni pé àwọn ọmọ wa mọ ẹ̀fọn Homer, wọn kò sì mọ ẹ̀fọn tiwọn. Ẹ bá mi wò ó. Ní Ìkẹ́nnẹ́, tí kò jìnnà sí wa, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní 6 Oṣù Kẹta 1909. Àgbẹ̀ àti agégẹdú ni bàbá rẹ̀. Ní 1920, ṣọ̀pọ̀ná pa bàbá náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá di aláìníbaba, ilé-ìwé dojú rú fún un, ó sì di ẹni tí ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wá owó ilé-ìwé. Ọmọ náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Nígbà tó di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ó ṣí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Oṣù Kínní 1955. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí wà lára àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n gbà wọlé lọ́dún náà. Ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, ìjọba rẹ̀ yìí kan náà dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Inú tẹlifíṣọ̀n ni mo ti jẹun títí mo fi darúgbó. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe so kọ́ra?

Ká ní èmi ni mò ń ṣe kàtúùnù, ohun tí n bá ṣe rèé. Ọmọ Ṣàgámù kan ń tú rédíò bàbá rẹ̀ àgbà. Rédíò gbé e, ó di Ìkẹ́nnẹ́ ní 1920. Ó bá ọmọ kan tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà ilé, tí ẹ̀rù ń bà á kí ṣọ̀pọ̀ná má lọ mú bàbá òun. Àánú ṣe é, ó sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣọ̀pọ̀ná lọ́wọ́, nítorí ayé tó ti wá ti ṣẹ́gun àrùn yẹn. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Kó gún bàbá náà kí àrùn tó mú un ni, àbí kó má gún un? Bó bá gún un, bóyá ọmọ yẹn á dàgbà sínú ìrọ̀rùn, á ṣe gẹdú bíi bàbá rẹ̀, kò ní mọ bí ó ti ń rí kí ọmọ tálákà máa wo ilé-ìwé lókèèrè. Bóyá ọmọ tiwa á padà sí Ṣàgámù, kò ní lè ka orúkọ ara rẹ̀. Ta ni yóò lè dúró kó wojú bàbá náà, kó ní òun kò ní gún un?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé ìyà dára, n kò sì sọ pé ikú bàbá dára fún ọmọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ẹni tó mọ inú ohun tí ọ̀la wà. Ọmọ tó bá wo irú eré bẹ́ẹ̀ kò ní fojú kéré ọmọ aláìníbaba tó jókòó tì í ní kíláàsì. Ẹ̀rín náà kò sì ní wọ́n níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà padà dé Rẹ́mọ kan tí gbogbo ọ̀nà ti dán, tí iná kì í lọ, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìkọ́kọrẹ́! Ẹ sọ fún mi, ọmọ Rẹ́mọ wo ni kò ní figbe ta, kó sá padà bíi Homer?

Ẹ má sì sọ pé a kò ní àwọn tó lè ṣe é. Ní Oṣù Kejì 2024, àwọn ọmọ wa tó wà nínú ilé-iṣẹ́ Kugali bá Disney gbé Iwájú jáde, wọ́n mú wa dé Èkó tí ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ní Oṣù Kẹrin 2025, Iyanu, tí Roye Okupe dá sílẹ̀, jáde lórí Cartoon Network. Ilẹ̀ tó fara jọ ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ ló fi hàn wá. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ló gba ẹnu wọn, àná tó wà nínú Iyanu sì jẹ́ àná tí wọ́n ronú rẹ̀ dá. Àná wa gan-an ń dúró de ẹni tí yóò yà á. Bẹ́ẹ̀ a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ẹ̀fẹ̀: ta ni kò mọ Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, tó fi èdè Yorùbá pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín?

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti àwọn olówó Rẹ́mọ nìyí. Iye tí a ń ná sórí ayẹyẹ ọjọ́ kan, ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń yàwòrán, kí wọ́n ṣe eré àwòrán apanilẹ́rìn-ín lédè Yorùbá tí yóò máa gbé ọmọdé lọ sí àná wa. Kí ó gbé wọn dé ọdún 1872, nígbà tí ogun mú kí ìlú mẹ́tàlá, Ọ̀fìn, Màkún, Ẹ̀pẹ́, Ìjàgbà àti àwọn yòókù, kóra jọ di Ṣàgámù. Ká ní ìlú kan ṣoṣo kọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí là bá máa pe ara wa lónìí?

Kí owó tó jáde, ẹ̀yin òbí, ẹ má gba rìmọ́ọ̀tù. Ẹ jókòó tì wọ́n. Bí eré bá parí, ẹ bi wọ́n pé kí ló mú òní wa rí báyìí, kí ẹ sì mú wọn lọ bá àgbà tó lè dáhùn, kí wọ́n fi fóònù wọn gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa tí ń wo ẹ̀yìn ń dín kù lójoojúmọ́, kò sì sí ẹ̀rọ tí ń yan búrẹ́dì tí yóò gbé ẹnikẹ́ni padà wá bi wá léèrè.

Ire o.

Oníṣẹ́ Rédíò tó ti di Àgbẹ̀,
Ṣàgámù, Rẹ́mọ.