Orlando Owoh àti iṣẹ́ olórin onígbòǹgbò

Irú orin kan wà ní Amẹ́ríkà tí a lè pè ní rọ́ọ̀kì onígbòǹgbò. Rọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ni orin gìtá oníná àti ìlù líle tó gba ìgboro níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1955. Kò ju bí ọdún mẹ́wàá lọ tí orin náà fi kún fún ariwo ẹ̀rọ àti ọ̀ṣọ́ oríṣiríṣi. Àwọn olórin kan wá yà sí ọ̀nà mìíràn. Ẹgbẹ́ The Band àti ẹgbẹ́ Creedence Clearwater Revival gbé àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1968. Wọn kò ju gìtá oníná sílẹ̀. Wọ́n fi gìtá náà padà sí orin àwọn ará oko, orin inú ṣọ́ọ̀ṣì, àti búlúùsì tí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ náà dá sílẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni a lè fi dá irú olórin bẹ́ẹ̀ mọ̀. Èkíní, ohun èlò ìgbàlódé ló ń lò. Èkejì, inú orin àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ ló ti ń bù mu. Ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ń dá orin rẹ̀, kì í ṣe pé ó kàn ń tún orin àtijọ́ kọ. Ẹ̀kẹta yìí ló ṣòro jù. Ẹni tó bá há orin àtijọ́ sórí lè kọ ọ́ kó dùn. Ẹni tí yóò dá tuntun láti inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ.

Bí a bá fi ìwọ̀n yìí wá ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín wa, ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, láti Idasen dé Ìfọ́n, orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni Orlando Owoh. Orin rẹ̀ kì í ṣe rọ́ọ̀kì, háíláìfù ni. Ṣùgbọ́n ohun tó fi háíláìfù ṣe bá ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ ohùn rẹ̀ tí wọn kò mọ ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Stephen Ọládípúpọ̀ Owómóyèlà ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Òṣogbo ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1932, ṣùgbọ́n Ìfọ́n àti Ọ̀wọ̀ ni orísun àwọn òbí rẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́kọ́ ń ṣe. Ní ọdún 1958, ẹgbẹ́ eléré Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbà á síṣẹ́ pé kó máa lùlù, kó sì máa kọrin.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ńlá ni ẹgbẹ́ eléré ìgbà náà. Wọn kì í ní ilé ìṣeré tiwọn. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń kó ẹrù sí láti ìlú dé ìlú, gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé-ìwé ni wọ́n sì ti ń ṣeré. Orin ni wọ́n fi ń ṣí eré, orin ni wọ́n fi ń sọ ọ̀pọ̀ nínú ìtàn rẹ̀, orin náà ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Onílù ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìtàn yóò ti yí padà. Akọrin ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé etí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, torí kò sẹ́ni tó ń sanwó láti wo ohun tí kò yé e. Ẹni tó bá gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Owoh dáadáa yóò rí ẹ̀kọ́ yìí nínú wọn. Ó máa ń pa ìtàn, ó máa ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láàárín orin, kì í sì í kánjú.

Ní ti gìtá, ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí Fatai Rolling Dollar tọ́ sọ́nà, ọkùnrin kan náà tó tọ́ Ebenezer Obey. Ní ọdún 1960, Owoh dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Omimah Band. Lẹ́yìn náà ló ní Young Kenneries, lẹ́yìn rẹ̀ African Kenneries International. Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló fi ṣe olórí ẹgbẹ́ olórin.

Kí a tó lè mọ ohun tó ṣe, ó yẹ kí a mọ ohun tó bá nílẹ̀. Etí òkun Gánà ni háíláìfù ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà méjì dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀nà kìíní ni ti àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ń fun fèrè, irú èyí tí Bobby Benson àti Victor Ọláìyá darí ní Èkó. Inú hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń ṣeré, fún àwọn tó wọ kóòtù tí wọ́n mú ìyàwó wọn wá jó. Ọ̀nà kejì ni ti onígìtá ìdí ẹmu: gìtá kan, agogo tàbí ìgò tí wọ́n ń fi nǹkan lù, àti ọ̀rẹ́ méjì tó ń gbè. Ọ̀nà kejì yìí ni Owoh tẹ̀ lé. Ó fi iná sí gìtá náà, ó sọ ọ́ di púpọ̀, ó fi kóńgà àti àwọn ìlù mìíràn kún un, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí fèrè gba ipò gìtá.

Báwo ni orin bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ kọ́kọ́ fetí sí gìtá kan tó ń tẹ gbólóhùn kúkúrú kan léraléra láìdúró. Gìtá kejì ń bọ́ sí àlàfo tí ti àkọ́kọ́ fi sílẹ̀. Gìtá olóhùn kíkẹ̀ wà nísàlẹ̀, òun ló ń sọ fún ẹsẹ̀ ibi tí yóò tẹ̀. Lókè gbogbo wọn ni agogo tàbí igi méjì tí wọ́n ń lù pọ̀, tí kì í yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni òpó. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ará Ọ̀wọ̀. Nígbà ọdún Igogo, a kì í lu ìlù láàárín ìlú. Agogo ni wọ́n ń lù, síbẹ̀ orin ń lọ, ijó náà ń lọ. Nígbà tí òpó bá dúró báyìí, akọrin lómìnira láti fi ohùn ṣeré. Owoh lo òmìnira yẹn gidigidi. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, ó sì máa ń fà á sẹ́yìn ìlù, bíi pé kò ní í débẹ̀ lásìkò, kó tó wá bá a.

Àwo orin náà ní ipa tirẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré ti àwọn ọdún 1960 kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan. Ohun tí olórin bá fẹ́ sọ, kó yára sọ ọ́. Nígbà tí àwo ńlá gba ìgboro, ojú kan rẹ̀ lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Owoh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń so orin bíi mẹ́rin pọ̀ mọ́ra láìdánu dúró. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, kó bọ́ sínú ìtàn ìfẹ́, kó ki ènìyàn kan, kó sì parí sí ìmọ̀ràn. Bí nǹkan ṣe ń lọ ní òde àríyá gan-an nìyẹn. Àwo ńlá jẹ́ kí a gbé òde náà wọlé.

Ọ̀rọ̀ inú orin rẹ̀ tún fi ilé hàn. Yorùbá tó yé gbogbo ènìyàn ló sábà máa ń lò, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ẹ̀ka-èdè Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n wọ inú rẹ̀. Òwe wà níbẹ̀, ìtàn inú Bíbélì wà níbẹ̀, oríkì àwọn tó ń náwó fún un náà wà níbẹ̀. Kí a má ṣe fojú kéré oríkì yìí. Owó rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan kì í bọ́ ẹgbẹ́ olórin. Òde ìnáwó ló ń bọ́ wọn: ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìwúyè. Ẹni tí wọ́n bá kì yóò dìde, yóò sì lẹ owó mọ́ olórin níwájú. Ẹni tó mọ èyí kò ní í sọ pé ìpọ́nni lásán ni oríkì inú orin. Ó jẹ́ àṣà, ó sì tún jẹ́ oúnjẹ.

Ibí yìí ni a ó ti rí ìdí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi pẹ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, ọ̀pọ̀ olórin háíláìfù tó jẹ́ ará ìlà-oòrùn ti kúrò ní Èkó. Jùjú Ebenezer Obey àti Sunny Adé gba òde. Lẹ́yìn náà ni fújì Síkírù Àyìndé Barrister dé. Ẹgbẹ́ onífèrè ńlá náni lówó, òde wọn sì dínkù. Ti Owoh kò rí bẹ́ẹ̀. Inú gìtá ìdí ẹmu kan náà tí háíláìfù rẹ̀ ti wá ni jùjú náà ti wá. Ẹni tó ń jó jùjú lè jó orin Owoh láìkọ́ ijó tuntun. Ẹni tó pe olórin jùjú síbi ìsìnkú baba rẹ̀ lè pe Owoh náà, torí Owoh mọ bí wọ́n ṣe ń kini. Gbòǹgbò tí kò jẹ́ kó gé kúrò nínú orin rẹ̀ ló gbé e la ìyípadà ọjà kọjá.

Àwọn kan ń fi orúkọ igbó tó so mọ́ ọn ṣèdájọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n ń pè é ní Dókítà Gáńjà. Orúkọ yẹn wà lórí àwo tí ilé-iṣẹ́ Original Music gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1995. Ẹ̀tọ́ òbí ni láti kìlọ̀ fún ọmọ nípa igbó. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ yẹn kò ní kí a dití sí iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú orin náà. Ọ̀tọ̀ ni ìwà, ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe dá orin, ó sì tọ́ kí a yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò láyè rẹ̀.

Owoh kú ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2008, lẹ́yìn tó ti ṣe àwo tó lé ní 45. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ, ẹ wá “Yellow Sisi” tàbí “Iyawo Olele.” Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan fún agogo nìkan. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì fún bí gìtá méjì ṣe ń dá ara wọn lóhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wa lónìí ń fi kọ̀ǹpútà dá orin, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Gìtá oníná pàápàá jẹ́ àjèjì nígbà tí Owoh gbé e. Ohun èlò yóò máa yí padà. Iṣẹ́ tó kù fún olórin ni kó mọ orin ilé rẹ̀ dójú àmì, kó lè fi ohun èlò yòówù tó bá dé dá tuntun.